Ẹni Tí Kò Sí Nínú Ìkànìyàn

Ìbéèrè kẹrìnlá kò sí lórí ìwé kankan láyé yìí, síbẹ̀ inú báàgì ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti bá a. Ohun tí ó gbé wa dé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ọládayọ̀ ní Lotto, ní Mowe, nìyẹn, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù keje ọdún 2006. Èmi Láwàlì, kọ́púrà ọlọ́pàá, ni mo fa ọ̀daràn lọ́wọ́ wọlé. Mo ní ọ̀daràn nítorí pé bí mo ti rí i nígbà náà nìyẹn. Màdáàmù mi kò rí i bẹ́ẹ̀.

Màdáàmù mi ni Ínsípẹ́kítọ̀ Sẹ̀kínátù Adépọ̀jù, ọmọ Ìwó, obìnrin kúkúrú tí kì í pariwo. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé fáìlì tẹ̀lé e kiri, mi ò sì tíì rí ọjọ́ tí ó gbá ènìyàn létí. Ìbéèrè ni ó fi ń na olè.

Ẹni tí mo dè lọ́wọ́ ni Nùsírátù, ọmọbìnrin tí ó ń bá àwọn oníbàárà Ọládayọ̀ tẹ̀wé. Ìyáàfin Rosemary, tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ibafo, gbé ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún un lọ́jọ́ Ajé pé kí ó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí ó bá gbégbá orókè nínú ìdánwò náà yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi jáde. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò ṣe é, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, Ìyáàfin tú báàgì akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó sì bá gbogbo ìbéèrè níbẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ́wọ́ ẹni tí ó fún un.

Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e gan-an ni wọ́n fẹ́ so yìgì Nùsírátù. Ìyá ọkọ ti gbọ́. Ó ránṣẹ́ pé bí oòrùn òní bá wọ̀ tí ọmọ náà ṣì ń jẹ́ olè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná lọ́jọ́ Àìkú. Láti àgọ́ ọlọ́pàá títí dé Lotto, ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ nípa àtìmọ́lé rárá. Iṣẹ́ tí ìyá ọkọ rán yẹn nìkan ni ó ń tún sọ.

Ìyáàfin Rosemary ti ń dúró dè wá. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tísà rẹ̀ dání, Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, tí ó háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, tí ó ń gbé ibẹ̀, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́, ọmọ oníbáàgì yẹn pẹ̀lú.

"Ẹ wò ó, mà," ni Ìyáàfin Rosemary wí. "Ìwé tí mo fọwọ́ kọ wà nínú àpótí irin nílé mi. Ìbéèrè kẹrìnlá kò sí nínú rẹ̀. Fóònù ni mo fi pè é fún ọmọ yìí."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe lọ," ni Màdáàmù wí.

"Ó ń tẹ̀wé lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé ni mo pè é pé kí ó fi ìbéèrè kẹrìnlá kún un, ti àgbẹ̀ tó ní ewúrẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo rí i pé ìṣirò rẹ̀ kò bára mu. Mo tún pè é pé kó yọ ọ́ pátápátá. Ìwé tó tẹ̀ jáde fún mi, kò sí ewúrẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wà nínú èyí tí mo bá nínú báàgì. Ta ló tún mọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí èmi àti òun?"

"Nùsírátù, báwo lo ṣe yọ ọ́?"

"Mo fi máòsì kun gbogbo rẹ̀, mà, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà. Ọ̀gá lọ ra epo jẹnẹrétọ̀."

Mo tún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú dáadáa. "Màdáàmù, ọ̀rọ̀ ti parí. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, òun náà ló gbé e síta."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí ó da iyọ̀ sínú tíì. "Láwàlì, ká ní ìwọ lò ń ta ìdánwò, ṣé ìbéèrè tí o mọ̀ pé wọ́n ti yọ ni wàá tà?"

Mo rọra jọ̀wọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ díẹ̀.

"Nùsírátù mọ̀ pé ewúrẹ́ ti kúrò. Ẹni tó gbé e síta kò mọ̀. Ẹni yẹn rí ohun tó ń fi ìka tẹ̀ wọlé, kò rí ìgbà tó pa á rẹ́."

Tísà Afọlábí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ foríjì mí, mà. Ta ló lè jókòó ti ìka ènìyàn láìsí nílé? Àfi ẹ̀mí àìrí."

"Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, tísà," ni Màdáàmù wí. Ó ní kí gbogbo wọn lọ jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò, kí ó ku èmi àti Ọládayọ̀.

Ọládayọ̀ kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ibafo ni ó ń gbé, òun ni ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà níbẹ̀ ṣe. Màdáàmù fi ìka kan èyí tí Nùsírátù máa ń lò.

"Nínú àpótí yìí, àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀?"

"Mà?"

"Yàtọ̀ sí ohun tí mò ń fojú rí, kí ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ báyìí?"

Ọládayọ̀ tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà orúkọ kan sì yọ sójú kọ̀ǹpútà, ó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Àwọn iṣẹ́ tó ń ṣe lábẹ́nú nìyí, mà. Ọ̀pọ̀ wọn, àwa tí à ń lò ó gan-an ò mọ̀ pé wọ́n wà."

Mo ka wọ́n, wọ́n jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo sún sẹ́yìn. Inú Màdáàmù ní tirẹ̀ dùn, ó fa àga súnmọ́ ọn.

"Oṣù kẹta ọdún yìí tí ìjọba ka ènìyàn," ó wí, "èmi ni mo tẹ̀lé àwọn akànìyàn wọ ojúlé gbogbo ní Lotto yìí. Mi ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń dá àlejò mọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni. Kí lorúkọ rẹ? Ta ló mú ọ wá? Ilé wo lò ń sùn? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ilé ni. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka àwọn wọ̀nyí."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń nawọ́ sí orúkọ, Ọládayọ̀ ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń to ìwé sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀kan ń ṣọ́ kòkòrò tí ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ọ̀kan ni ó ya àwòrán òkè àti koríko tí à ń wò sójú gíláàsì. Nígbà tí a dé ọ̀kan tí ń jẹ́ csrss, mo fò dìde.

"Òun nìyí, Màdáàmù. Orúkọ tí ẹnu ò lè pè, ọmọ rere kan ò lè jẹ́ ẹ."

Ọládayọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, abẹ́g, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá pa á, gbogbo kọ̀ǹpútà yìí máa kú mọ́ wa lójú."

Mo jókòó. Nígbà tí ó ṣe, Màdáàmù fi ìka dúró. "Mẹ́fà ń jẹ́ orúkọ kan náà níbí."

"Svchost ni wọ́n ń pè wọ́n, mà. Bí wọ́n ṣe máa ń pọ̀ nìyẹn. Àwọn ló máa ń gbé iṣẹ́ fún àwọn yòókù."

"Ẹgbẹ́ olè nìyẹn," ni mo wí.

"Ìyá Ìbejì mélòó ló wà ní àdúgbò yìí, Láwàlì? Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí orúkọ dọ́gba. Ta ló mú wọn wá?"

Ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ẹni tí ó jí i dìde sí. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó jí márùn-ún dìde. Níwájú ẹ̀kẹfà, ohun tí a bá níbẹ̀ ni Ọládayọ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọkùnrin náà. "Mà, mi ò mọ èyí rí."

"Ilé wo ló ń sùn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Kọ̀ǹpútà rí méjì tí ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀kan wà nínú yàrá tí ẹ̀rọ kó àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Èkejì fara pamọ́ sínú fódà orin, láàárín orin ẹ̀mí àti orin fújì. Ọjọ́ tí ó wọlé wà lára rẹ̀: ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, ọdún 2006, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún àárọ̀.

"A ti rí àlejò," ni Màdáàmù wí jẹ́ẹ́. "Àlejò tó jókòó sílé onílé tó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sílẹ̀."

Mo ti di ìbàdí Ọládayọ̀ mú. "Orúkọ ẹ ló wà níbẹ̀. Ìwọ lo mú un wá."

"Ọ̀gá, ẹnikẹ́ni tó bá tan kọ̀ǹpútà yìí, orúkọ mi ló ń jẹ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ìwọlé kankan tì í. I swear."

Màdáàmù kò dá sí wa. Ó ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ wé aago kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. "Aago rẹ̀ kò purọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù kẹfà. Láwàlì, níbo lo wà láago mẹ́jọ ọjọ́ yẹn?"

"Ojú títì Ibafo, mà. Ọjọ́ sanitéṣọ̀n ni. Láti aago méje dé mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni tó bá jáde, èmi ni mò ń mú un."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni Ọládayọ̀ yíjú sí mi, tí èmi náà sì wò ó dáadáa.

"Ọ̀gá," ó wí, "ẹ̀yin kọ́ lẹ mú mi lọ́jọ́ yẹn? Mo jáde ra búrẹ́dì láago méje ààbọ̀. Ẹ ní kí n gé koríko ẹ̀gbẹ́ títì títí di aago mẹ́wàá. Ọwọ́ mi bó."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo fún un ní àdá. Mo tú ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀, mo sì bá a na ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ó ti rún. Màdáàmù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò sí ẹlẹ́rìí tó ju ọlọ́pàá lọ," ó wí. "Ẹ wò ó. Láago yẹn, kò sí ẹni tó lè ti ibòmíràn dé ibí. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, inú ọgbà yìí ló sùn. Ó rò pé ìgbà tí kò sí ènìyàn lójú títì ló dáa jù fún iṣẹ́ rẹ̀. Kò rò ó pé ìgbà yẹn gan-an ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun."

Ẹ̀yìn ilé ni a ti bá Màmá Bùrẹ́ímọ̀ tí ó ni ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Màdáàmù kúnlẹ̀ kí i, èmi náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn.

"Màmá, ọjọ́ sanitéṣọ̀n tó kọjá, ṣé iná wà?"

"NEPA mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ mi. Mo rántí, torí à ń kó ẹrẹ̀ nínú gọ́tà, rédíò ń kọrin fún wa."

"Gbogbo ayálégbé ló kó ẹrẹ̀?"

"Gbogbo wọn, àfi tísà. Ó ní àyà ń dun òun, òun ò lè gbé ṣọ́bìrì. Ó ní kí òun bá mi gbá ẹ̀yìnkùlé. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́lé yìí, tísà ò gbá ẹ̀yìnkùlé rí. Mo tilẹ̀ ṣàdúà fún un. Ó wọ yàrá mi lọ mú ìgbálẹ̀."

"Níbo ni ìgbálẹ̀ yín máa ń wà?"

Màmá fi ọwọ́ hàn wá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ìgbálẹ̀ náà dúró sí. Ìṣó kan wà lókè orí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan sì kọ́ sára ìṣó náà.

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ọládayọ̀ nìyẹn," ni Màmá wí. "Ó fi í síbẹ̀ nítorí iná, bí nǹkan bá ń jó tí kò sí nílé."

"Ṣé ẹ̀yìnkùlé tí tísà gbá mọ́?"

Màmá dáwọ́ ẹ̀wà dúró. "O ò rí i. Ewé ló kún ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ní bóyá atẹ́gùn ni."

Mo ti yí padà láti lọ gbé tísà, Màdáàmù fa apá aṣọ mi. "Rọra. Wọn kì í pe ìgbálẹ̀ wá jẹ́rìí ní kóòtù."

A padà sínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí àlejò náà sùn sí nínú fódà orin, Ọládayọ̀ rí ìwé kan tí ó ń kọ pamọ́. Ó ṣí i. Gbogbo ohun tí ìka ènìyàn ti tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yẹn fún ọjọ́ méjìlá wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago: lẹ́tà ìfẹ́ oníbàárà, ìwé ìwáṣẹ́, ìdánwò Ìyáàfin Rosemary láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́ mẹ́rìndínlógójì rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti yọ ọ́.

"Gbé e lọ sókè pátápátá," ni Màdáàmù wí. "Mo fẹ́ rí ìlà àkọ́kọ́."

Ìlà àkọ́kọ́ náà nìyí, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré lẹ́yìn tí àlejò náà wọlé: 2006 odun isegun mi.

"Láwàlì, bí o bá ra bírò tuntun, kí lo máa ń kọ́kọ́ kọ?"

"Orúkọ mi, mà. Tàbí ohunkóhun tó bá ti wà lẹ́nu mi."

"Ẹni yìí dán bírò rẹ̀ wò." Ó dìde. "Pe gbogbo wọn wọlé. Ọládayọ̀, pa ìwé yẹn dé, ṣùgbọ́n má ṣe lé àlejò. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ."

Wọ́n wọlé, Nùsírátù ni ó kẹ́yìn, ó ń wo oòrùn lójú fèrèsé.

"Ẹ má bínú pé a dá yín dúró," ni Màdáàmù wí. "Mo fẹ́ dán kíbọ́ọ̀dù yìí wò, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ tẹ̀."

Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó, mo tẹ Lawal lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbà mí ní àkókò. Ọládayọ̀ tẹ a, b, d títí dé òpin. Ìyáàfin Rosemary tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Tísà Afọlábí jókòó, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ọ̀jọ̀gbọ́n, kò ronú rárá, ó sì tẹ̀ ẹ́ láìwo ilẹ̀: 2006 odun isegun mi.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mà," ó wí.

"Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni," ni Màdáàmù wí. "Kí ni ìtumọ̀ ohun tí ẹ tẹ̀ yìí?"

"Orúkọ tí ìjọ wa sọ ọdún yìí ni, mà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ni gbogbo wa ti ń sọ ọ́."

"Ó dára. Ọjọ́ sanitéṣọ̀n tó kọjá, níbo lẹ wà láago mẹ́jọ àárọ̀?"

"Ilé-ẹ̀kọ́, ní Ibafo. Mo lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ."

"Máàkì ìwé?" ni Ìyáàfin Rosemary wí. "Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ mi. Aago mọ́kànlá ni mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ojú títì Ibafo ni mo sì wà," ni mo wí. "Ẹni tó jáde ra búrẹ́dì lásán, mo mú un. Ibo lẹ gbà kọjá?"

"Mo... ọ̀nà inú igbó ni mo gbà."

"Tìwọ ti ìgbálẹ̀ mi?" Ohùn Màmá Bùrẹ́ímọ̀ ni, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú atẹ ẹ̀wà lọ́wọ́. "Tísà, ṣebí àyà ló ń dùn ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Màdáàmù ní kí Ọládayọ̀ ṣí ìwé àlejò. Ó fi ìlà àkọ́kọ́ hàn án, ó sì fi ìlà tó gbẹ̀yìn hàn án, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀.

"Ìjọ wa pọ̀, mà," ni tísà wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ ni. Mélòó nínú wọn ló sùn nínú ọgbà yìí, tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń kọ́, tó sì ń kọ́ ọmọ tí wọ́n bá ìdánwò nínú báàgì rẹ̀?"

Tísà fọwọ́ lérán. "Lọ́dún tó kọjá, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nírọ̀lẹ́ tó yege. Àwọn òbí ti ń kó wọn lọ. Mo ní bí ọ̀kan péré bá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n á padà wá. Ìrọ̀lẹ́ tí mo bá wá lo kọ̀ǹpútà ni mo máa ń kó ohun tí àlejò yẹn bá kọ." Ó wo Nùsírátù fìrí, ó sì yáa gbójú kúrò. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n á mú un."

"O mọ̀ látàná," ni Nùsírátù wí. Gbólóhùn tí ó sọ fún un kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ọjọ́ gbogbo ni ti olè," ni Màmá Bùrẹ́ímọ̀ wí, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀ láìparí òwe.

Mo ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Nùsírátù. Mo ti ṣí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀ ẹ́, mi ò tijú. Ìyáàfin Rosemary di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, "Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ mú. Dárí jì mí," omi sì dà lójú rẹ̀. Tísà ni mo kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà sí lọ́wọ́.

Oòrùn kò tíì wọ̀. Màdáàmù gba nọ́ńbà ìyá ọkọ, ó pè é fúnra rẹ̀. "Ẹ káàsán o, Màmá. Ínsípẹ́kítọ̀ Adépọ̀jù ni. Ọwọ́ ìyàwó yín mọ́. A ti mú ẹni tó ṣe é. Ẹ dáná yín lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì bu tèmi àti ti kọ́púrà mi sọ́tọ̀." Ibi tí mo dúró sí ni mo ti gbọ́ tí ìyá náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú fóònù, tí ó sì ń pe àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá gbọ́.

Ó ku iṣẹ́ kan. Ọládayọ̀ ti da ìwé àlejò àti àlejò fúnra rẹ̀ kọ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì méjì fún kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹfà ṣì wà nínú ìlà orúkọ, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ láìmira. Mo nawọ́ láti lé e jáde. Màdáàmù gbá ọwọ́ mi wẹ́lẹ́.

"Ìka ta ló ń jí wò? Nùsírátù, máa bọ̀."

Nùsírátù jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àmì ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé máòsì lé orúkọ ẹ̀kẹfà, ó ní kí ó máa lọ. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú.

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ láti àárọ̀. "Ó dá mi lójú," ó sọ fún un, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Márùn-ún ni ó ṣẹ́ kù, gbogbo wọn ni ó sì nílé.